Ìdíje wo ló yẹ ikọ̀ yín? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin tí ẹ lè fi mú gígé fídíò kéékèèké dán mọ́rán sí i

Ìdíje àkọ́kọ́ tí mo ṣètò fún ikọ̀ wa, èmi fúnra mi ni mo bà á jẹ́. Márùn-ún là ń gé fídíò kéékèèké nígbà náà. Mo ní kí oníkálukú gbé ọ̀kan síta lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tí èèyàn bá wo tiẹ̀ jù ló jáwé olúborí. Fídíò tó gbégbá orókè, bóyá ni gígé inú rẹ̀ pé méjì: ajá kan ló já wọ inú àwòrán lójijì. Ẹni tó ṣiṣẹ́ jù nínú wa, tó fi òru méjì to ohùn àti àwòrán tirẹ̀ títí wọ́n fi wọ ara wọn, òun ló ṣe ìkarùn-ún. Kò bínú o, ẹ̀rín ló rín. Ṣùgbọ́n fún bí oṣù kan lẹ́yìn náà, kò fi iṣẹ́ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tó bá ti parí porogodo.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dán oríṣi ìdíje wò. Ohun tí mo ń wá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ìdíje bá parí, ṣé a ó lè gbé iṣẹ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ká sì bi ẹni tó ṣe é pé, "Kí ló dé tó o fi gé e níbí?" Ìdíje tí kò bá ti fàyè gba ìbéèrè yẹn, eré lásán ni. Eré náà dára láyè tirẹ̀, àmọ́ kì í kọ́ni níṣẹ́.

Kí ló ń ṣe ikọ̀ yín?

Fídíò tó dúró lóòró ni mò ń sọ, 9:16, tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ píksẹ́lì 1080 sí 1920, irú èyí tó kún orí TikTok, Reels ti Instagram àti Shorts ti YouTube. Vine, áàpù fídíò kéékèèké kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ. Shorts dúró sórí ìṣẹ́jú kan títí di oṣù kẹwàá ọdún 2024 kí wọ́n tó sún un dé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àyè ń gbòòrò, sùúrù òǹwòran kò bá a gbòòrò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀: fídíò tó jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, tí férémù rẹ̀ (àwọn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn di fídíò) jẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 900 férémù ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fi férémù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́ jù kó tó gé ti fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá ṣòfò. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ìdá kan nínú mẹ́wàá fídíò náà ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ibi tí òfò yìí ti ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ láti ikọ̀ dé ikọ̀. Àwọn kan wà tí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò wọn kì í mú ojú. Wọ́n á kí èèyàn, wọ́n á sọ orúkọ, òǹwòran á ti fi àtàǹpàkò ré wọn kọjá. Àwọn kan wà tí gbogbo iṣẹ́ wọn jọ ara wọn bí ìbejì torí pé ojú ọ̀gá nìkan ni wọ́n fi ń gé e. Àwọn mìíràn mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni kan mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ìmọ̀ náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ dé ọwọ́ ẹnì kejì. Kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ tiyín, torí pé ìdíje tó wo ọ̀kan sàn lè dá kún òmíràn.

Kílíìpù kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Èyí ni ààyò mi, n kò ní fi bò. Ẹ kó kílíìpù kan náà fún gbogbo èèyàn, kí oníkálukú lọ gé tirẹ̀.

Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù ní Rọ́ṣíà, gbé ojú òṣèré kan náà tẹ̀ lé àwo ọbẹ̀, ó gbé e tẹ̀ lé pósí, ó tún gbé e tẹ̀ lé obìnrin kan. Ojú náà kò yí padà rárá, síbẹ̀ ìtàn rẹ̀ ni pé àwọn tó wò ó rí ebi, wọ́n rí ọ̀fọ̀, wọ́n sì rí ìfẹ́ lójú kan ṣoṣo. Tí àwòrán bá ti jẹ́ bákan náà, ohunkóhun tó bá yàtọ̀ nínú iṣẹ́ èèyàn méjì, gígé ló fà á. Kò sẹ́ni tó lè ní kámẹ́rà ẹnì kejì ló dára ju tòun lọ, tàbí pé oòrùn ló ràn án lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kílíìpù mẹ́wàá sí méjìlá, tí àpapọ̀ wọn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn tí kò dára sí i: ọ̀kan tó ń gbọ̀n, ọ̀kan tí ariwo atẹ́gùn bo ohùn rẹ̀, ọ̀kan tó dà bíi pé wọ́n gbàgbé láti pa kámẹ́rà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni fídíò tó bá parí gbọ́dọ̀ jẹ́, orin kan ṣoṣo la fàyè gbà, ọjọ́ mẹ́ta sì ni gbèdéke. Ẹni tó ń gbà wọ́n jọ á yọ orúkọ kúrò lára fáìlì, á pè wọ́n ní A, B, D, E àti Ẹ. Orí fóònù la ti ń wò wọ́n, torí orí fóònù ni òǹwòran wà. Ohun tó ṣe rẹ́gí lójú kọ̀ǹpútà ńlá lè há mọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí bọ́tìnnì àti orúkọ àkáǹtì ti máa bò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan: láìsí ohùn lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú ohùn lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, kílíìpù ọkùnrin kan tó ń kan àga onígi la lò. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọkùnrin náà lórí igi, ó mọ́, ó sì dára, àmọ́ kò sí ìdí tí èèyàn á fi dúró. Ẹlòmíràn lọ fa kílíìpù ìkẹyìn wá síwájú, èyí tí àga náà ti wó lulẹ̀ tí gbogbo wa rò pé àṣìṣe ni. Lójú ẹsẹ̀ ni fídíò náà di ìtàn, torí gbogbo wa fẹ́ mọ̀ bóyá àga náà á padà dúró. Fídíò D ló wá ya wá lẹ́nu. Ojú rẹ̀ dúdú fún nǹkan bíi férémù mẹ́wàá, ìró òòlù ti ń dún, kí àwòrán tó yọ. Ohùn wọlé ṣáájú àwòrán, ohun tí àwọn onífíìmù ń pè ní J-cut. A bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé òun fúnra òun máa ń gbójú sókè tí òun bá gbọ́ nǹkan kí òun tó rí i. Ẹ ti mọ̀ pé ẹni ìkarùn-ún tọ́jọ́sí ni. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a fi sọ̀rọ̀ lórí férémù mẹ́wàá yẹn, kí oṣù náà sì tó parí, gbogbo wa ti ń jẹ́ kí ohùn ṣáájú. N kò rántí ẹni tó borí lọ́jọ́ náà mọ́.

Nítorí náà, ẹ má gé àkókò ìjíròrò kúrú. Tí ìwòran bá gba ìdajì wákàtí, kí ìjíròrò gba wákàtí kan, kí oníkálukú sì ṣí timeline rẹ̀, ibi tó to kílíìpù àti ohùn sí nínú ẹ̀rọ gígé, fún gbogbo èèyàn wò. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ẹni tó ń gé ohùn àti àwòrán lójú kan náà nígbà gbogbo, àti ẹni tó kó ẹ́fẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá jọ láti fi bo gígé kan tí kò bọ́ sí i.

Àléébù rẹ̀? Kò kọ́ni ní yíya fídíò. Ó sì ń súni tó bá ti di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó. Ikọ̀ ẹlẹ́ni méjì náà kò ní jèrè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí fífi orúkọ pamọ́ á ti di àwàdà.

Ìdíje aago

Èyí wà fún àwọn tó ń pẹ́ jù. Àpẹẹrẹ ńlá rẹ̀ ni 48 Hour Film Project tó bẹ̀rẹ̀ ní Washington, D.C. ní 2001: ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta láti kọ fíìmù kékeré, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì gé e. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká jí. Ìgbà tí ìdíje bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ẹ̀dá ìtàn kan, ohun èlò kan àti gbólóhùn kan tí gbogbo fíìmù gbọ́dọ̀ ní, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti sè é sílẹ̀ látilé. Tiwa kò ju àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ, àmọ́ a ń ṣe irú rẹ̀: nígbà tí aago bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo ń sọ pé, "Gbólóhùn yìí gbọ́dọ̀ hàn lójú fídíò," tàbí "Kò gbọdọ̀ ju gígé méje lọ."

Ohun tí ìdíje yìí ń tú síta kì í sábà jẹ́ gígé fúnra rẹ̀. Fódà tí kò létò ni, bọ́tìnnì àbùjá tí ẹnì kan kò mọ̀, fáìlì tó ń jẹ́ "final2_tuntun_gan". Ẹnì kan nínú wa ń fi eku tẹ gbogbo nǹkan láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ aago yẹn ló rí ẹni tó jókòó tì í tó ń fi bọ́tìnnì mẹ́ta ṣe ohun kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kọ̀ǹpútà tó lágbára á borí èyí tí kò lágbára, ìyẹn kò sì bójú mu. Ẹ fún gbogbo èèyàn ní proxy, ẹ̀dà fúúyẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni dákú. Kí ẹ sì yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìkẹyìn nínú ìṣẹ́jú náà sọ́tọ̀ fún ohùn àti ọ̀rọ̀ ojú fídíò nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní kàn wọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ó ti yára jù tẹ́lẹ̀, ìdíje yìí á tún wulẹ̀ ti àṣà búburú rẹ̀ lẹ́yìn ni.

Kí òǹwòran dájọ́

Òun ni èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ olórí ikọ̀ máa ń kọ́kọ́ ronú kàn, torí nọ́ńbà kò gba àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí nọ́ńbà náà ń kà. Láti 31 oṣù kẹta ọdún 2025, ìgbàkigbà tí fídíò Shorts kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ padà ni YouTube ń kà á ní wíwò kan, láìka iye ìṣẹ́jú àáyá tí èèyàn fi dúró sí. Ẹni tó ré e kọjá lójú ẹsẹ̀ wà nínú ìṣirò náà. Kí la wá fẹ́ fi kọ́ gígé nínú ìyẹn?

Tí ẹ bá ṣáà fẹ́ kí òǹwòran dájọ́, ẹ gbàgbé iye wíwò, kí ẹ ṣí àtẹ tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń kúrò. Ẹ wo ìdá àwọn tó kọjá ìṣẹ́jú àáyá kẹta. Ẹ wo ibi tí ìlà náà ti já wálẹ̀ lójijì, kí ẹ lọ sí férémù yẹn gan-an lórí timeline. Níbẹ̀ nìkan ni ìbéèrè wa ti ń rí ìdáhùn díẹ̀. Ní ti wa, a rí i pé ìlà máa ń já níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti mí kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Èémí yẹn là ń gé báyìí, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́, níbi tí èémí ti jẹ́ ara ọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má gbàgbọ́ pé fídíò méjì lórí àkáǹtì kan náà ń du nǹkan kan náà. Wákàtí tí ẹ gbé e síta, ohun tó ń lọ lágbàáyé lọ́jọ́ náà, àwọn tí algorithm (ètò tó ń yan fídíò fún òǹwòran) kọ́kọ́ fi hàn, gbogbo rẹ̀ ló ń dá sí i. Trial Reels tí Instagram gbé dé ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, torí ó ń kọ́kọ́ fi fídíò han àwọn tí kò tẹ̀ lé yín, ẹ sì lè dán ìbẹ̀rẹ̀ méjì wò láìyọ àwọn tiyín lẹ́nu. Ikọ̀ tó ti mọ gígé, tó fẹ́ mọ òǹwòran rẹ̀ dáadáa, ni kó wá síbí. Ikọ̀ tí kò tíì mọ gígé á kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ajá ni.

Àfigbà

Ẹ pín ikọ̀ sí méjì-méjì, ẹni tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni àkọ́kọ́ á gé ogójì ìṣẹ́jú, á dìde, ẹnì kejì á jókòó sídìí fáìlì kan náà á sì parí rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun gbogbo tí ẹni àkọ́kọ́ bá fẹ́ sọ, inú fáìlì ni kó ti hàn: orúkọ kílíìpù, àwọ̀, àmì tó fi sórí timeline.

Ìdíje àfigbà yìí ló ń mú kí ìmọ̀ tó há sí ọwọ́ ẹnì kan ṣàn, ó sì dẹ́rùn fún ẹni tí ojú máa ń tì, torí kò dá nìkan pàdánù. Ìkìlọ̀ kan ni mo ní: ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré kọ́kọ́ jókòó. Ìgbà tí a jẹ́ kí àgbà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé kò fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ rárá, wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀ wọ́n sì ní ó ti parí. Ta ló fẹ́ gé iṣẹ́ àgbà dànù lójú ẹ̀?

Ìkarùn-ún tún wà, pátákó máàkì tó ń lọ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni kan á ti síwájú jìnnà ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn yòókù á sì máa ṣe é kí wọ́n má bàa sọ pé wọn ò ṣe. N kò ní fi sínú àtẹ.

| | Kílíìpù kan náà | Aago | Òǹwòran | Àfigbà |
|---|---|---|---|---|
| Àkókò | Ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú ìjíròrò | Ọ̀sán kan | Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì | Wákàtí méjì |
| Ó ń kọ́ni ní | Ìtàn, ìlù gígé, lílo ohùn | Ìyára, ètò fáìlì | Ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ojú ti ń kúrò | Ìmọ̀ pínpín, ìmọ́tótó timeline |
| Oríire tó wà níbẹ̀ | Kékeré | Díẹ̀, láti ọwọ́ ẹ̀rọ | Púpọ̀ | Díẹ̀, láti ọwọ́ ẹnì kejì |
| Ó burú fún | Ẹni méjì péré | Àwọn tó ń sáré jù | Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ | Ikọ̀ tí gbogbo wọn dọ́gba |

Ta ló ń fún ni ní máàkì, kí sì ni ẹ̀bùn?

Walter Murch, ọ̀kan nínú àwọn agéfíìmù tó lórúkọ jù lágbàáyé, fún àwọn ohun tó ń wò kó tó gé ní ìwọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwé rẹ̀: ìmọ̀lára 51, ìtàn 23, ìlù gígé 10, ibi tí ojú òǹwòran wà 7, bí ojú àwòrán ṣe tò 5, bí ààyè inú rẹ̀ ṣe bára mu 4. Ẹ wá ẹ́fẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Mo fi ìwé yìí han ikọ̀ wa, a sì ṣe tiwa fún fídíò kékeré: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ 30, bóyá ìtàn yé ni láìsí ohùn 25, ìlù gígé 20, ohùn 15, ọ̀rọ̀ ojú fídíò 10. Kì í ṣe òfin. Tí ìṣòro yín bá jẹ́ ohùn, ẹ gbé máàkì ohùn sókè fún oṣù kan. Ẹ sọ ìwọ̀n náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀gá náà máa dá máàkì pẹ̀lú gbogbo èèyàn, kó kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, torí tí ọ̀gá bá ti sọ èyí tó wù ú, ìdíje parí.

Ní ti ẹ̀bùn, ẹ ṣọ́ra. Ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kéékèèké tó fẹ́ràn yíya àwòrán. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún tẹ́lẹ̀ kò ya àwòrán tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nígbà tí kò sí ẹ̀bùn nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kàn fún lójijì kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dáadáa tó ń béèrè pé, "Èló ni tọ̀sẹ̀ yìí?" Tiwa báyìí ni pé ẹni tó bá borí ló ń yan kílíìpù tí a ó gé lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń jẹ́ kó ronú bí olùkọ́, ó sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú àwọn kílíìpù burúkú tó ń yàn.

Tó bá jẹ́ èmi ni yín

Ikọ̀ tí ìdíje jẹ́ tuntun sí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílíìpù kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó wo òmíràn. Tí ìyàtọ̀ ọwọ́ bá pọ̀ jù láàárín yín, tó fi jẹ́ pé ẹni kan ni yóò máa borí, àfigbà ni kó ṣáájú, kí ẹ sì padà sí kílíìpù kan náà lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta. Aago fún ikọ̀ tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣùgbọ́n tí oníbàárà ń dúró dè. Òǹwòran ni kó kẹ́yìn.

Ikọ̀ tí oníkálukú wà nílé tirẹ̀ lè ṣe gbogbo wọn àyàfi àfigbà, tó máa ń di wàhálà tí ẹ̀yà sọ́fítíwíà kò bá bára mu. Ẹ má fi dandan lé ohun tí wọ́n á fi gé e. CapCut lórí fóònù ti na DaVinci Resolve lórí kọ̀ǹpútà níṣojú mi. Ohun tó gbọ́dọ̀ bára mu ni fáìlì tó ń jáde: 1080 sí 1920, férémù 30, H.264 (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kí fáìlì rẹ̀ lè fúyẹ́).

Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn yín, ẹ fò ó. Tí owó oṣù tàbí ìgbéga ẹnikẹ́ni bá sì wà lórí èsì ìdíje náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rárá, torí kò sẹ́ni tó máa ṣí timeline rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá a du oúnjẹ.